Kí Ẹmu Tó Kan Ni Kí Ẹ Ti Gun Òkè Ẹ̀rìn

Bí ẹ bá dé ìdí Olúmirin, omi tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, ohùn sípíkà lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó gbọ́ ohùn omi. Èrò á ti kún ìpele kìíní bámúbámú. Àwọn kan ń ya fọ́tò, àwọn kan ń sun ẹran, ẹnì kan á máa pariwo pé bàtà òun ti bómi lọ. Mi ò ní kí wọ́n má gbádùn ara wọn o, owó tí mo san lẹ́nu géètì làwọn náà san. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé "Màmá Dàmọ́lá, ìgbà wo la tún ń lọ, kí la máa rí lọ́hùn-ún?", ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ohun tó dùn jù lórí òkè yẹn ti máa ń tán kí oòrùn tó gun àtàrí. Ẹmu ló kọ́ mi ní aago tí mò ń lò.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Atákúńmọ̀sà níhìn-ín n'Íléṣà. Àǹkárá àti léèsì ni mò ń tú tí mò ń ká látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọjọ́ tí ọjà bá fún mi láyè, òkè ni mò ń bá lọ. Àwọn tá a jọ ń tajà ti rò ó títí, wọ́n ti gbà pé àdúrà ni mò ń lọ gbà. "Màmá Dàmọ́lá, ẹ bá wa dárúkọ ọmọ wa tó fẹ́ ṣe JAMB o." Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Mo máa ń dárúkọ ọmọ náà lóòótọ́ tí mo bá dókè. Ta ló tiẹ̀ máa dá wọn lẹ́bi? Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí, mélòó lẹ rí tó gun òkè láìgba ààwẹ̀? Ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ tí à ń gbà lọ sí Ẹ̀rìn yìí gan-an ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì lọ́dún 1928 nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn tó pè wọ́n, lápá ibi tí Ìkejì-Arákejì wà. Lọ́dún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè nínú ìlú wa níbí, èrò ń wọ́ bọ̀ láti ibi gbogbo. Nígbà tí wọ́n sì kú lọ́dún 1959, Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n sin wọ́n sí, ẹ̀yìn òkè Ẹ̀rìn náà nìyẹn. Nítorí náà, kò burú, òkè àdúrà ni gbogbo ẹ̀. Ìran lèmi ń lọ wò ní tèmi.

Bàbá tó bí bàbá mi ṣe òṣómàáló, àwọn tó ń ta aṣọ láwìn. Wọ́n ń ru aṣọ kọjá àwọn òkè yẹn lọ sí Èkìtì kí mọ́tò tó wọ́pọ̀, wọ́n á tún padà lọ lóṣòó síwájú ilé onígbèsè. Ẹsẹ̀ wọn ni mo jogún. Owó ni kò dé ọ̀dọ̀ mi.

Òkè tí à ń sọ yìí kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Ó nà tàntàn láti ìhà Òkè-Mẹ̀sí wá sí Ẹ̀fọ̀n, ó sì ta ẹsẹ̀ dé Ẹ̀rìn. Bí ẹ bá ti kọjá Ìwàràjà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ wo ọwọ́ òsì yín, ẹ ó rí i tó dúró bí ògiri. Òkúta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite ni. Yanrìn ayé àtijọ́ ni o, tó rì sábẹ́ ilẹ̀, tí ooru àti ìwúwo tẹ̀ pọ̀ tó fi di òkúta líle. Ìdí nìyẹn tó fi ń dán yinrinyinrin tí oòrùn bá bọ́ sí i. Èyí tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti jẹrà, òjò ti gbá a lọ, ibẹ̀ ló di pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àwa ń gbé. Èyí tó le ló ṣẹ́kù sókè, orí rẹ̀ sì lomi ti ń já bọ́ wá bá wa.

Mo ní àbúrò kan, Kọ́ládé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tó wálé, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju òkè àti ọgbà àjàrà lọ. Ó ní òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Simonsberg, odò kan tí wọ́n ń pè ní Eerste ṣàn gba inú ìlú, gbogbo ẹsẹ̀ òkè, àjàrà ni wọ́n gbìn sí i ní poro ní poro. "Àǹtí mi, láti 1655 ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Cape!" Ó ní àwọn Dutch ló gbé e dé, pé lọ́dún 1659 ni wọ́n kọ́kọ́ fún wáìnì níbẹ̀. Láyé ìsinsìnyí, ó ní èèyàn á fẹsẹ̀ rìn gba inú ọgbà àjàrà gun òkè láàárọ̀, tó bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á to ife síwájú rẹ̀, wọ́n á bu wáìnì oríṣiríṣi sí i kó tọ́ ọ wò. Ó ní irú rẹ̀ ò sí nílé.

Mo ní kó lọ sùn, pé a ó jọ jí ní aago márùn-ún.

A kì í kúrò nílé kí ilẹ̀ tó ń mọ́ o, ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí láyé yìí. Bí ojú bá ti lè rí ojú, a ti gbéra. Kò gbà wá tó wákàtí kan tá a fi dé oríta Ẹ̀rìn, Bàbá Adẹ́mu sì ti dúró dè wá níbẹ̀. Orúkọ tí mò ń pè wọ́n nìyẹn, wọn ò sì sọ òmíràn fún mi. Igbà wà léjìká wọn, àdá wà nínú àkọ̀, kẹ́ẹ̀gì méjì so pọ̀ lọ́wọ́ kejì, bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Kọ́ládé ní tirẹ̀ wọ bàtà ńlá tí wọ́n fi ń gun òkè níbi tó ti ń bọ̀, ó mú ọ̀pá méjì dání, èyí tí wọ́n fi irin fífúyẹ́ ṣe. Bàbá wo ọ̀pá náà, wọ́n wo orúnkún rẹ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni, ọmọ mi?"

"Rárá o, sà."

"Ó dáa nígbà yẹn."

Wọ́n yí padà, a tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe àtẹ̀gùn sí. Ọ̀nà oko ni, inú kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló gbà, ìrì á ti rẹ aṣọ yín dé itan kí ẹ tó dé ìdí ọ̀pẹ àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni mo máa ń dúró wo Bàbá, kò sì tíì sú mi. Wọ́n á fi igbà yí ìdí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara wọn po, wọ́n á so ó, wọ́n á fà á wò, wọ́n á fi gbogbo ara rọ̀ ọ́ sẹ́yìn kó lè di wọ́n mú. Wọ́n á ju igbà sókè díẹ̀, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Wọ́n á tún jù ú, ẹsẹ̀ á tún tẹ̀ lé e. Wọn kì í yára, wọn kì í sì í dúró. Tí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á tú kẹ́ẹ̀gì tó ti wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, wọ́n á mú ọ̀bẹ, wọ́n á bẹ ojú ibi tí omi ń gbà kán lára ọ̀pẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí tí ojú ibẹ̀ bá gbẹ, ẹmu ò ní kán mọ́. Wọ́n á so kẹ́ẹ̀gì òfìfo rọ́pò. Gbogbo èyí lókè níbi tí èmi ò lè wò pẹ́ kí òòyì má kọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, oyin ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n da ẹmu náà gba inú asẹ́, oyin tó ti mu yó tó sì kú sínú rẹ̀ wà lójú asẹ́ gbirigbiri. Ohun tó kù funfun, ó ń hó, ó ń ta síni nímú. Ẹni tó bá ń ra ẹmu lẹ́bàá títì lọ́sàn-án kò tíì mọ ohun tí à ń wí. Àárọ̀ ni ẹmu ń dùn, nígbà tí ọtí inú rẹ̀ ṣì kéré tí ṣúgà ọ̀pẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tó dà bí ìwúkàrà wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára kẹ́ẹ̀gì, bí omi ọ̀pẹ bá ti kán sí i báyìí ló ti ń jẹ ṣúgà náà, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Lọ́sàn-án ó ti mú. Nírọ̀lẹ́ ó ti ń kan. Tó bá di ọ̀túnla, ọbẹ̀ nìkan lẹ lè fi í sè, àwọn tó sì ń tà á nígbà yẹn ti bu omi àti ohun adùn lù ú. Ìdí nìyẹn tí Bàbá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò sì dúró de ẹni tó bá pẹ́ mọ́.

Kọ́ládé gba ife tirẹ̀, ó fi í lọ yíká, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Stellenbosch. Bàbá bi í pé kí ni wọ́n tún ń ṣe. Ó ṣàlàyé pé tí èèyàn bá ń tọ́ wáìnì wò, ó lè gbé e sẹ́nu, kó fi ṣan ẹnu, kó sì tu ú dànù sínú àwo kan tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún un.

"Ọtí tí wọ́n fowó rà?"

"Kí wọ́n má baà yó ni, Bàbá. Ó lè tó oríṣi mẹ́fà tí wọ́n máa tọ́ wò."

"Kí wá ni wọ́n torí ẹ̀ wá síbẹ̀?"

Kọ́ládé fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ní òmíràn wà tí wọ́n máa tọ́jú sínú ilé abẹ́ ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, pé bó bá ṣe ń pẹ́ ni owó rẹ̀ ń gòkè. Bàbá ronú sí ìyẹn dáadáa. Wọ́n mu ife tiwọn tán.

"Ẹ̀rù olè ò ba wọ́n?"

Kí n má purọ́, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí ìtàkùn.

Lẹ́yìn ẹmu la ń lọ sí géètì. Lásìkò tá a máa ń débẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbálẹ̀ ni. Ìtàn ìlú sọ pé Akínlá, ọmọ ọmọ Odùduwà, ló tẹ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dó nígbà tí wọ́n ń ti Ifẹ̀ bọ̀, òun ló sì rí omi náà. Ìpele méje ni. Ìpele kìíní lẹ ti mọ̀, ẹ ti rí i nínú fọ́tò gbogbo ọ̀rẹ́ yín. Àtẹ̀gùn ṣì wà dé ìwọ̀n kan lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ máa fi gùn ún, gbòǹgbò igi lẹ máa dì mú. Ibẹ̀ ni Kọ́ládé ti ká ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì sínú báàgì. Bàbá rí i, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn túra ká.

Ohun kan tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn nípa òkúta níbẹ̀ rèé, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi: ẹ má tẹ ibi tó dúdú tó ń dán. Omi ló wà lára ibẹ̀, ohun àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ ló hù sí i, ì báà jẹ́ pé ó gbẹ lójú yín. Ibi funfun tó rí gbágungbàgun ni kí ẹ máa tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan dán an wò kí ẹ tó gbé gbogbo ara lé e. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ọwọ́ yín méjèèjì ò ṣófo, nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ẹ gbé wá. Fóònù lè wọ àpò. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó fẹ́ fi ọwọ́ kan gun òkè kó fi èkejì ya fídíò ara rẹ̀. Ọlọ́run rẹ̀ ló yọ ọ́.

Bí a ṣe ń gòkè ni èrò ń dín. Láàárín ìpele kejì sí ìkẹta, ẹ ṣì lè bá olólùfẹ́ méjì pàdé. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀yin àti omi ni. Omi náà tutù débi pé egungun ọrùn ẹsẹ̀ yín máa dùn yín tẹ́ ẹ bá dúró sínú rẹ̀ pẹ́. Àwọn òbí wa ní òkè ìhín ò jẹ́ ká rí tọ̀hún, ẹni tó bá dé orí Olúmirin ló máa mọ bó ṣe jẹ́ òótọ́ tó. A gùn, a gùn, a ní a ti dé orí rẹ̀, òkè mìíràn tún wà níwájú, oko wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni Ẹ̀fọ̀n, ilẹ̀ Èkìtì. Níbẹ̀ la ti jẹun. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé ni mo dì, kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, ewé rẹ̀ sì lè jẹrà síbẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ìṣáná tèmi wà nínú báàgì, ó wà nínú ọ̀rá kó má tutù, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí òkùnkùn lè bá ẹni tó bá ṣi ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ omi yìí, mo fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, ẹ lè ka òkúta ìsàlẹ̀ omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá lọ sí Òṣogbo, kí ẹ dúró lórí afárá kí ẹ wo Ọ̀ṣun. Odò yẹn ti Ìgèdè-Èkìtì ṣàn wá, ó gba inú igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé lọ́dún 2005, ó sì ń lọ bá ọ̀sà. Láti ọdún mélòó kan báyìí, ó ti pọ́n bí omi amọ̀. Góòlù ni. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní góòlù nínú, àwọn tó ń wà á láìgbàṣẹ ń tú ilẹ̀ bèbè àwọn odò kéékèèké, wọ́n ń fọ̀ ọ́ nínú omi, ẹrẹ̀ náà ń ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun. Àwọn olùjọsìn ń pọn omi yẹn, wọ́n ń mu ún. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ẹni tó ń bú àwọn awakùsà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì fi ọ̀rá piọ̀ wọ́tà mẹ́ta sínú omi Olúmirin nígbà tó lọ síbẹ̀. Mo máa ń mú àpò kan dání tí mo fi ń ṣa á. Kò sí ìgbà tí kì í kún.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì yá lọ́jọ́ kejì, kó gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Ẹ̀sà-Òkè lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Omi ò já bọ́ láti òkè níbẹ̀, ìtàn ni wọ́n ní. Àárín àwọn òkè wọ̀nyẹn, láti ibẹ̀ lọ sí Ìgbájọ, ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì láti 1877 títí di 1893, Ògèdèǹgbé wa pẹ̀lú Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí àti gbogbo Èkìtì Parapọ̀ ní apá kan, Ìbàdàn ní apá kejì. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lọ́dún 1886, síbẹ̀ wọn ò tú ibùdó ogun ká tán fún ọdún méje sí i. Mo kà á nílé ìwé, kò yé mi. Ìgbà tí mo dúró lórí òkè kan níbẹ̀ ni mo rí i pé ọmọ ogun díẹ̀ tó bá gba orí òkè ò ní jẹ́ kí ẹgbàágbèje kọjá nísàlẹ̀.

Ẹ ń béèrè ìgbà tó dáa láti lọ. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, omi ń kéré ṣùgbọ́n òkúta gbẹ, ibẹ̀ ni mo máa ń mú ẹni tí kò gun òkè rí lọ. Ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi náà ń dún dé ojú títì, ó lẹ́wà, ó sì léwu. Òjò lè máa rọ̀ lápá Ẹ̀fọ̀n kí oòrùn máa ràn níbi tí ẹ dúró sí. Kí ẹ tó mọ̀, omi ti kún. Bàbá ní tí àwọ̀ omi bá ti yí padà báyìí, tí ewé gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tò bọ̀ lójú rẹ̀, ká gòkè bèbè lójú ẹsẹ̀, ká má dúró mú bàtà.

Ẹ san owó fún adẹ́mu tó bá mú yín lọ. Ẹmu lọ́tọ̀, ọ̀nà lọ́tọ̀. Àbúrò mi sọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni kan láti mú un rin inú ọgbà àjàrà, mo ní kó fún Bàbá ní ìdajì rẹ̀. Ó fún wọn. Bàbá kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n wá bi mí lábẹ́lẹ̀ bóyá orí ọmọ náà pé.

Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé ẹmu délé, ẹ má dé e pa. Ó ṣì ń hó nínú ìgò, ó ń wá ibi tó máa gbà jáde. Ewé tàbí bébà ni kí ẹ fi di ẹnu rẹ̀. Bàbá sọ ọ́, èmi náà sọ ọ́, Kọ́ládé ní ìgò wáìnì lòun mọ̀, ó sì fi gbogbo agbára lọ́ ìdérí tirẹ̀. A ò tíì kọjá Ìwàràjà tó fi bú. Ó ti padà sí Stellenbosch báyìí, ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò mi ṣì ń rùn.